Àdúrà Tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ Kò Lè Ṣe Àmín Sí

“Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́! Jọ̀ọ́, jáde síta!”

Ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ni ohùn náà gbà wọlé. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pa ìwé tó ń kà dé, ó sì yọ orí síta. Wàrà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì àṣekágbá, ló dúró síbẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàtà wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, èkejì ti sọnù sọ́nà.

“Kí ló dé? Ta ló ń lé ẹ?”

“Ewú ni. Kò lè dìde mọ́. Àtàárọ̀ ló ti wà nílẹ̀ tó ń kérora bí èèyàn. Bàbá mi ti ṣe é títí, ó ti sú wọn.”

Ewú ni abo màálù tó dàgbà jù ní ilé wọn. Bàbá Wàrà ló ń sin màálù, tó sì ń ta wàrà fún gbogbo àdúgbò. Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti rí orúkọ tí gbogbo kíláàsì ń pè é. Wàrà Ewú ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, ẹnikẹ́ni kò sì lè dúró níwájú rẹ̀ kó sọ pé màálù lásán ni.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń ta oògùn ẹran ọ̀sìn, ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń gbé. Àwọn méjèèjì àti Ìyá Àgbà ló wà nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó bá ti inú ṣọ́ọ̀bù jáde ni wọ́n ń jẹ, òun náà ló ń rán ọmọ lọ sílé ìwé. Ọmọbìnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n tó bá ń gún ẹran lábẹ́rẹ́ lójú Àǹtí. Dókítà ẹran ló fẹ́ dà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì wọn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

“Abẹ́rẹ́ apàrora ti tán,” ó wí. “Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa kó òmíràn dé.”

“Èyí tó wà lábẹ́ tábìlì yẹn ńkọ́? Èyí tó o sọ fún mi nípa ẹ̀?”

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò wẹ̀yìn wò. Ó mọ páálí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wí. Dókítà ẹran ìjọba, obìnrin kan tí bàtà rọ́bà kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ló fi téèpù dì í lójú wọn, tó ní òun á padà wá fi ọkọ̀ gbé e.

“Abẹ́rẹ́ yìí ò ṣe màálù ní nǹkan kan,” Dókítà ti sọ lọ́jọ́ náà. “Ìrora ẹ̀ á lọ. Àmọ́ tí màálù yẹn bá kú tí oògùn ṣì wà lára ẹ̀, tí igún sì jẹ ẹ́, kídìnrín igún á bàjẹ́. Orí ẹ̀ á kọ́kọ́ máa rọ̀ wálẹ̀, lẹ́yìn náà á já bọ́. Ẹ sì mọ̀ pé igún kì í dá jẹun. Òkú màálù kan lè pa gbogbo ìdílé wọn tán. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi fòfin dè é. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá ká a mọ́, títì ni.”

“Ẹ gbé e kúrò lójú mi,” Àǹtí dá a lóhùn, ó sì ju ọwọ́ sẹ́yìn. “A kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Ta ló ń wá irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀?”

Gbogbo rẹ̀ ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rántí bó ṣe dúró lójú fèrèsé yẹn. “Wàrà, wọ́n ti fòfin dè é.”

“Ta ló máa lọ sọ? Ṣé èmi ni àbí Ewú?” Wàrà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. “Ìwọ lo ní o fẹ́ di dókítà. Ẹran ń kú lọ, o dúró, ò ń sọ òfin fún mi.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Àánú màálù ń ṣe é, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ kí wọ́n rí òun bí òun ṣe máa gbé màálù dìde nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ rò ó. Òkú ni igún ń jẹ, Ewú kò tíì kú. Bí ara rẹ̀ bá yá, kí ló kan igún níbẹ̀? Ọgbọ́n tí èèyàn fi ń tan ara rẹ̀ jẹ kì í wọ́n.

“Tó bá kú, ẹ gbọ́dọ̀ sin ín. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé e lọ sí Pápá Eegun tí ẹ máa ń ju òkú ẹran sí fún igún. Búra.”

“Mo búra,” ni Wàrà wí. Kò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

Àǹtí ti bá iṣẹ́ lọ sí oko olókoòwò adìẹ kan. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rọra ká téèpù, ó mú ìgò kan, ó sì lẹ téèpù padà débi tí ojú kò fi lè mọ̀ ọ́n.

Kó tó di pé oòrùn wọ̀, Ewú ti wà lórí ìdúró, ó ń jẹ koríko. Bàbá Wàrà rò pé Àǹtí ló rán ọmọ náà. Ó gbọ́n eruku kúrò lára àga fún un, ó ní kó jókòó.

“Àṣé a ní dókítà ládùúgbò tí a ò mọ̀!” ló ń wí fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. “Ẹ wò ó bó ṣe rí tín-ín-rín. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì adìẹ!”

Orí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wú. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì láti fi kún un. Nígbà tó sì rí i pé ẹgbọ̀rọ̀ màálù kan tí wọ́n ń sìn níbẹ̀ ti ń tiro, kò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ òun kó tó gún òun náà lábẹ́rẹ́.

Láràárọ̀, Ìyá Àgbà máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, kó kọjú sí igi àràbà ńlá tó wà níbẹ̀. Tọkọtaya igún kan ló ní ìtẹ́ sórí igi náà. Ẹyin kan ṣoṣo ni wọ́n ń yé lọ́dún. Tọdún náà ti pa, ọmọ inú rẹ̀ sì ti ń yọ ọrùn síta. Ojú Ìyá Àgbà kò ríran dáadáa mọ́, ìró ìyẹ́ wọn ló fi ń mọ̀ wọ́n.

“Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará òkè,” á kí wọn. Á wá yíjú sí ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń wọ aṣọ ilé ìwé. “Igún kì í kú léwe. Ọmọ mi, o ò ní kú léwe.”

“Àmín, Ìyá Àgbà.”

“Wàá gbó, wàá tọ́.”

“Àmín, mà.”

Àtìgbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti gbọ́njú ni àdúrà yìí ti ń sìn ín dé ilé ìwé. Bí inú Ìyá Àgbà bá dùn, á fi ìtàn kún un. Á ní nígbà tí òun jẹ́ ìyàwó, bí màálù bá kú, òjìji igún ló ń ṣú bo Pápá Eegun. Kó tó di ọ̀sán, egungun funfun nìkan ló máa kù, kò ní sí òórùn, kò ní sí eṣinṣin. “Àwọn mélòó ló kù báyìí? Ọjọ́ ti pẹ́ tí òjò ti ń pa igún bọ̀,” á wí, á sì rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí wọ́n parí ìdánwò ìgbáradì nílé ìwé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ délé, ó bá Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà.

“Àlejò kan wà lórí ilé ìdáná,” arúgbó náà wí. “Ó gúnlẹ̀ síbẹ̀ látàárọ̀, kò fò, kò gbọn ìyẹ́. Bá mi wò ó.”

Igún ni. Ó dúró létí páànù, ọrùn rẹ̀ sì ti rọ̀ débi pé ẹnu rẹ̀ kan àyà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pàtẹ́wọ́. Ẹyẹ náà gbé orí sókè, ó wo ojú rẹ̀, orí náà sì tún rọra padà wálẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan sí i ló gbìyànjú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ṣubú gbì sórí páànù, ó yọ̀ títí dé etí òrùlé, ó sì já bọ́ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Kí ló ṣubú yẹn?” ni Ìyá Àgbà béèrè.

“Kò sí nǹkan kan, mà. Igi ni.”

Kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ilé Wàrà. Ibi tí Ewú máa ń dùbúlẹ̀ sí ṣófo.

“Ewú dà?”

Wàrà kò wo ojú rẹ̀. “Ó kú. À ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́ nígbà náà. Katakata ti wọ́ ọ lọ sí Pápá Eegun kí n tó délé.”

“O búra fún mi!”

“Mo fẹ́ sọ fún bàbá mi! Ṣùgbọ́n tí n bá ní kí wọ́n sin ín, wọ́n á bi mí pé kí ló dé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìwọ ni mo ń gbèjà.”

Nínú ọgbà, ẹgbọ̀rọ̀ náà ti dùbúlẹ̀, ó ń mí sókè-sódò. Wàrà ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò tún gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹran àwọn mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí ìkejì igún náà nísàlẹ̀ igi àràbà, ìyẹ́ rẹ̀ nà gbalaja, kò sì sí ẹni tó sọ fún Ìyá Àgbà. Àwọn mìíràn ti bọ́ ní Pápá Eegun. Ajá tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó ni wọ́n ló gba ibẹ̀, wọ́n ń jà lórí ohun tó kù lára Ewú, òórùn sì ń bá atẹ́gùn wọ inú ilé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ajá ló ń da Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ láàmú, kì í sì í ṣe òórùn. Lókè igi, ọmọ igún ń pe àwọn òbí rẹ̀. Kò ní ohùn gidi. Ó kàn ń mí ṣíì, ṣíì, bí ẹni tó ń pe èèyàn ní ìkọ̀kọ̀. Ìró náà bá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ ilé ìwẹ̀, ó bá a wọ kíláàsì. Bí olùkọ́ bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára pátákó, ṣíì ni etí rẹ̀ ń gbọ́. Bí òjìji ẹyẹ kékeré bá kọjá lórí ìwé rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á fò, á wòkè, á sì rí i pé àdàbà lásán ni.

Dókítà ẹran gun alùpùpù wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó tú àpò kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, igún méjì wà níbẹ̀.

“Mo ti la ọ̀kan. Ojú kídìnrín ẹ̀ funfun bí ẹfun,” ó wí. “Ẹ má bínú o, mo gbọ́dọ̀ bi yín. Páálí yẹn ńkọ́?”

Àǹtí fà á jáde lábẹ́ tábìlì. “Téèpù yín rèé. Tí ẹ bá rò pé mo fọwọ́ kàn án, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa lónìí.”

“Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń wí, mà. Ọ̀dọ́ tó ń bá yín tajà—”

“Èyí?” Àǹtí gbé ọwọ́ lé èjìká Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. “Ọmọ tí mo tọ́ rèé. Mo lè fi orí mi dúró fún un.”

Dókítà wo téèpù, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì lọ. Ọwọ́ Àǹtí ṣì wà léjìká ọmọ náà. Ó dùn ún ju bí wọ́n bá fi ọwọ́ náà gbá a létí lọ. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó rí ìgò oògùn lórí pẹpẹ, ó rí fíríìjì, ó rí aṣọ ilé ìwé rẹ̀ tí Àǹtí lọ̀ síbẹ̀. Bí ó bá lanu, gbogbo rẹ̀ ló máa lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti páálí náà padà sábẹ́ tábìlì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà jókòó sí ààyè rẹ̀. “Igún kì í kú léwe. Ọmọ mi, o ò ní kú léwe.”

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń di okùn bàtà rẹ̀.

“Ṣé o gbọ́ mi?”

“Mo gbọ́, mà.”

“Kí ló wá dé tí o ò ṣe àmín?”

“Ọ̀fun ló ń dùn mí, mà.”

Ìyá Àgbà kọ etí sókè. “Èmi ò gbọ́ ìró ìyẹ́ àwọn ará òkè yìí látijọ́ mẹ́ta. Àbí wọ́n rìnrìn àjò? Ṣùgbọ́n ìyá kì í fi ọmọ sílẹ̀ rìnrìn àjò báyìí.” Lókè, ọmọ igún ń ṣe ṣíì, ṣùgbọ́n ohùn náà ti rẹlẹ̀ ju tàná lọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré jáde láìdágbére.

Ìgbà ìsinmi ọ̀sán ni Wàrà wá bá a lẹ́yìn kíláàsì. Wọn kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ látọjọ́ yẹn.

“Ẹgbọ̀rọ̀ yẹn ti kú,” ó wí wúyẹ́wúyẹ́. “Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí. Katakata ń bọ̀ wá wọ́ ọ.”

“Mélòó ló kù ní Pápá Eegun? Igún, mélòó ló kù?”

“Àwọn tó wà lórí òpó iná yẹn nìkan.”

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ̀ wọ́n. Díẹ̀ ni wọ́n, ebi sì ń pa wọ́n. Tí wọ́n bá fi lè jẹ nínú ẹran yìí, kò ní sí igún kankan mọ́ láti ibẹ̀ títí dé ibi tí ojú òun mọ. Àwọn àgbà ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Òun sì rèé, òun ló mú ikú náà lọ́wọ́, tó tún ń dúró kó wá mú àwọn tó kù. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ẹnu géètì jáde, kò sì dáhùn nígbà tí olùṣọ́ ń pariwo pè é.

Àǹtí ń ka ìgò oògùn lórí pẹpẹ nígbà tó wọlé.

“Èmi ni, Àǹtí. Èmi ni mo ṣí páálí yẹn.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹgbọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ lórí rẹ̀. Àǹtí jókòó. Ohùn rẹ̀ kò le.

“Ọmọ tí mo fi orí mi dúró fún.”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà—”

“Dákẹ́. Ẹkún kọ́ ló kàn.” Ó pe Dókítà lórí fóònù, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Lẹ́yìn náà ó mú kọ́kọ́rọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà kó tó di pé ẹnikẹ́ni wá bá a tì í. “Ó yá, sáré níwájú. Ẹsẹ̀ tìẹ ló yá.”

Nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dé Pápá Eegun, katakata ti já ẹgbọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó ti ń yí padà. Àwọn igún ti fi òpó iná sílẹ̀. Ọ̀kan ti balẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ tọ bọ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bọ́ sáàárín òun àti ẹran náà, ó ń fi báàgì ilé ìwé ju ọ̀tún, ju òsì.

“Ẹ lọ! Ẹ máa lọ! Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ ẹ́!”

Igún náà kò sá. Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wò ó. Ìwò yẹn gan-an ni èyí tó wà lórí páànù wò ó. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Ajá ń gbó lẹ́yìn, eṣinṣin ń wọ̀ ọ́ lójú, ó ṣáà ń bẹ̀ wọ́n.

Bàbá Wàrà bọ́ sílẹ̀ lórí katakata. “Ṣé orí ẹ dàrú ni? Kí lò ń ṣe níbẹ̀?”

Àǹtí dé, ó sì ṣàlàyé fún un. Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó wo egungun Ewú lókèèrè, ó wo ìyẹ́ dúdú tó fọ́n ká yí i ká. Ó padà gun katakata, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, àpáta pọ̀ nínú rẹ̀. Dókítà bá wọn níbẹ̀, Wàrà náà bá wọn, gbogbo wọn fi ṣọ́bìrì kún un títí wọ́n fi bo ẹran náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Àwọn igún padà sórí òpó iná pẹ̀lú ebi wọn. Ìyẹn ni wọ́n fi yè.

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn gbogbo ọwọ́ ló máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìjọba ti ṣọ́ọ̀bù náà pa fún ọdún kan. Àǹtí lọ ń bá olókoòwò adìẹ ṣiṣẹ́, ó ń fọ agbọ̀n ẹyin, ó sì ń délé pẹ̀lú ọwọ́ tó ti wú. Wàrà àti àwọn yòókù ṣe ìdánwò àṣekágbá, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò lè bá wọn ṣe é lọ́dún náà, nítorí kò sí owó láti san. Kò sí ẹni tó pè é ní dókítà mọ́. Àǹtí kò bá a ṣépè, kò sì lé e jáde, àmọ́ ó pẹ́ kó tó tún gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ẹgbọ̀rọ̀ náà ni ẹnì kan fi okùn gun igi àràbà, tó sọ ọmọ igún kalẹ̀ nínú àpò. Kò wúwo ju ìyẹ́ ara rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì Dókítà ni wọ́n ti ń tọ́ ọ, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì ni wọ́n ní kó máa gé ẹran tó mọ́ fún un. Bó bá fẹ́ wọlé tọ̀ ọ́, àpò ló ń fi bo orí, nítorí Dókítà kò fẹ́ kí ẹyẹ náà mọ ojú èèyàn, kó má baà máa tọ èèyàn lọ. Ọmọbìnrin náà rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Òun tó pa ìyá àti bàbá rẹ̀ ló ń fún un lóúnjẹ, kò sì yẹ kó fi ojú hàn án.

Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Pápá Eegun. Ó pẹ́ nílẹ̀, ó ń na ìyẹ́, ó ń ká a. Lẹ́yìn náà ló gbéra, ó yípo lókè wọn, ó sì lọ bá àwọn tó kù lórí òpó iná. Kò wẹ̀yìn wò. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sunkún lójú ọ̀nà títí ó fi délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un tipẹ́, kò sì gba àdúrà yẹn mọ́ látìgbà náà.

“Igún kì í kú...” Ó yíjú sí ọmọ ọmọ rẹ̀. “Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣé mo ṣì lè máa wí i? Àbí irọ́ ni mò ń pa fún ẹ báyìí?”

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo igi àràbà. Ìtẹ́ náà ṣì wà lókè, atẹ́gùn sì ń yọ igi ìtẹ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti mọ̀ pé àánú tí kò ro ẹ̀yìn ọ̀la lè pa ju ìkà lọ. Ó sì ti mọ̀ pé òtítọ́ tó pẹ́ kó tó jáde kò lè jí òkú, bó tilẹ̀ lè gba ẹni tó kù sílẹ̀. Bí òun bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tí Dókítà tú àpò yẹn, ẹgbọ̀rọ̀ ì bá má ti dé Pápá Eegun rárá. Bí òun kò bá sì fọwọ́ kan téèpù yẹn, ìyẹ́ ì bá ṣì máa dún lórí igi yìí.

“Ẹ máa wí i, Ìyá Àgbà,” ó dáhùn. “Ọwọ́ wa ló kù sí, kó lè máa jẹ́ òótọ́.”

Ìyá Àgbà mi orí. “Igún kì í kú léwe. Ọmọ mi, o ò ní kú léwe.”

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tẹ́tí sí òkè igi náà fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ìró kankan.

“Àmín, mà,” ó wí.